Oríkèé Ìka Tó Dúdú

Ilé ìtọ́jú awọ kan ní Uwasota, nílẹ̀ Ẹ̀dó, ló pè mí fún ìdánwò iṣẹ́. Àwa méjì la wá, èmi àti ọmọbìnrin Ẹ̀dó kan. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí a tọ́jú ojú ìyá àgbà kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun lè mọ ẹni tí òun máa gbà.

Mo kúnlẹ̀ kí ìyá náà, mo sì rọra fọ ojú wọn. Mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti pọ́n, oríkèé ìka wọn sì dúdú bí èédú. Mo mọ̀ pé ìpara tí wọ́n fi ń bóra ló ṣe é. Ta ni mo jẹ́ tí màá sọ fún àgbà pé wọ́n ti ba awọ ara wọn jẹ́? Mo nawọ́ sí oògùn ojú líle tí ọ̀gá gbé kalẹ̀, èyí tó lè jó awọ tó ti bó. Ọ̀gá dá mi dúró.

Ọmọbìnrin kejì kò tiẹ̀ kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ìyá náà wò, ó sì fi Píjìn bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fi para. Ìyá náà ò bínú rárá, wọ́n dárúkọ ìpara mẹ́ta.

Ọ̀gá gbà á síṣẹ́ lójú mi. Ó ní ọwọ́ mi dára ju ti ọmọbìnrin náà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè béèrè ọ̀rọ̀ máa jó oníbàárà lójú lọ́jọ́ kan. Inú bí mi gan-an, torí òótọ́ ni.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń gé ilá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n bi mí bí ìdánwò ṣe lọ. Mo wo oríkèé ìka tiwọn náà, tó ti dúdú láti bí ọdún mélòó kan, mo sì dáhùn pé ọ̀gá náà máa pè mí.