Orúkọ Tí Phulmati Kì Í Pè

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni Kusumlata, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ń ṣe ní abúlé Rampatti wa yìí. Ó ń bá àwọn opó àti arúgbó tí kò mọ̀wé kọ fọ́ọ̀mù ìjọba, ó sì ń bá wọn dúró níwájú akọ̀wé tó bá fẹ́ lé wọn dànù. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní mínísítà tí kò lówó oṣù ni. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ọwọ́ yíyá yìí ló kó o sí wàhálà.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọba fẹ́ kọ́ ilé bíríkì fún àwọn opó. Phulmati wà lára wọn. Ahéré alámọ̀ rẹ̀ ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wa sì mọ̀ pé kò ní la òjò tó ń bọ̀ já. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn, opó mọ́kànlá tò síwájú ilé wa, kẹ̀kẹ́ tó máa gbé Kusumlata lọ sílùú sì ń tẹ fèrè.

"Ìyá, kí lorúkọ bàbá, ọkọ yín?" ni ó bi Phulmati.

Phulmati fa aṣọ bojú. Obìnrin wa kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, wọ́n ní ó ń gé ẹ̀mí ọkọ kúrú. Bó tilẹ̀ kú, kò pè é náà ni. Ó nàka sókè. "Ẹni tó ń yọ láàárọ̀ yẹn."

"Oòrùn! Ó ti yé mi." Kusumlata kọ Suraj, tó túmọ̀ sí oòrùn lédè wa, ó ní kó tẹ̀ka, ó sì kọjú sí ẹlòmíràn.

Bhanu lorúkọ ọkùnrin náà. Oòrùn náà ni ìtumọ̀ rẹ̀, àwa tí a ní orúkọ mẹ́rin márùn-ún fún oòrùn! Ọmọ aládùúgbò kan ì bá ti pe orúkọ náà fún un kíá, bí a ti máa ń ṣe nìyẹn. Kusumlata ò bi ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ sì rèé tó jẹ́ pé orúkọ ọmọ ló fi ń pe ọkọ: "Bàbá Munni, oúnjẹ ti jinná o."

Nígbà tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù wé ìwé ikú ọkọ rẹ̀, orúkọ ò bára mu, wọ́n bá yọ Phulmati kúrò. Òjò dé, ògiri wó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé obìnrin náà wà lóko. Ilé ìdáná wa ló gbé fún odindi oṣù mẹ́ta, Kusumlata ò sì lè wò ó lójú.

"Ìyálé mi, èmi ni mo wó ilé yẹn," ni ó máa ń sọ fún mi. Ó wù mí kí n sọ pé kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n irọ́ ni màá pa.

Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́ọ̀mù ilé náà, ó mú Phulmati lọ bá akọ̀wé, mo sì tẹ̀lé wọn. Ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní kí akọ̀wé jẹ́ kí òun bá ìyá pe orúkọ náà.

"Rárá o. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ti àkọ́kọ́? Ayédèrú opó pọ̀ níta. Màmá fúnra wọn ni kí wọ́n pè é. Àbí wọn ò mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ ni?"

Àwọn ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, díẹ̀ ló kù kí n bọ́ bàtà lù wọ́n.

Phulmati di ọwọ́ Kusumlata mú. "Bhanu," ni ó wí. "Bhanu Mahto." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó fi aṣọ bo orí.

Ó rí ilé náà gbà, bíríkì gidi, páànù tuntun. Lọ́jọ́ tó kó wọlé, ó gbé ìrẹsì yíyan àti ṣúgà ìrèké wá fún Kusumlata, ó ń súre fún un.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí."

"Nítorí ilé? Ilé ti dé, ọmọ mi." Ó gbé àwo ìrẹsì lé e lọ́wọ́. "Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi pa orúkọ yẹn mọ́. Mo ti rò ó pé tí mo bá bá a lọ́run, màá pè é lẹ́ẹ̀kan péré, kó yà á lẹ́nu."

Ó ní òun fẹ́ lọ gbá ilé òun, ó sì lọ. Kusumlata gbé àwo ìrẹsì náà lé itan. Kò lè jẹ ẹ́.