Kaporáàlì Tó Kọ Ebè sí Àgọ́ Ológun

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí odindi àgọ́ ológun dojú bolẹ̀ nítorí iṣu, Igbẹ́kọ̀yí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun, wà níbẹ̀, àyà òun náà sì wà nínú eruku. Ní àríwá Tógò ni, sẹ́yìn díẹ̀ sí ibi tí ìjà gan-an wà. Ọyẹ́ ń fẹ́, kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀. Maxime, ọmọ Lomé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ló ń ṣọ́nà. Ó bojú wo ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó rí orí tó tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo wọn dé fìlà ológun. Ó figbe ta: "Wọ́n ti ká wa mọ́lé!"

Àwọn tó ń fọ eyín gbé ọṣẹ mì. Kápítẹ́ẹ̀nì François fa ìbọn yọ. Àfi bí Kaporáàlì Ògúnrẹ̀mí, alásè wọn, ṣe sáré jáde pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́, ó dúró níwájú "ọ̀tá", ó na apá méjèèjì.

"Ẹ má yìnbọn o! Iṣu mi ni!"

"Iṣu?"

"Ebè iṣu ni, Kápítẹ́ẹ̀nì. Ìrọ̀lẹ́ tí àwọn yòókù ń gbá bọ́ọ̀lù ni mo ń kọ ọ́."

"Ta ló wá dé fìlà fún iṣu?"

"Èmi ni. Kò sí koríko nítòsí tí mo lè fi bo orí ebè, ni mo bá tọrọ àwọn fìlà gbígbó tí wọ́n fẹ́ dáná sun. Oòrùn ibí mú, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà kì í jáde láìdé tiyín."

Kápítẹ́ẹ̀nì ní kó wó gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ògúnrẹ̀mí kí i bí ológun, ó ní òun ti gbọ́. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n hù ná, kí n lè mọ èyí tó yè." Nígbà tí wọ́n hù, ó ní a kì í fa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú tu, kí ìtàkùn wọn fà díẹ̀ ná. Nígbà tí wọ́n fà, Kápítẹ́ẹ̀nì fúnra rẹ̀ wá láàárọ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó wò wọ́n títí. Ògúnrẹ̀mí ti ń wá àwáwí mìíràn.

"Kaporáàlì," ni Kápítẹ́ẹ̀nì wí, "ti ìpẹ̀kun yẹn kò ní igi tí yóò gùn. Ṣé o fẹ́ kó kú ni?"

Abẹ́ àgọ́ aláṣọ kan náà ni Igbẹ́kọ̀yí, ọmọ Agbonou, àti Ògúnrẹ̀mí, ọmọ Elavagnon, ń sùn. Ifẹ̀, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílùú wọn, ni wọ́n jọ ń sọ, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó jókòó tì wọ́n. Igbẹ́kọ̀yí tẹ̀lé e lọ sí Elavagnon nígbà ìsinmi kan, ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé alásè náà ní ogun mìíràn tó ń jà. Nídìí ẹmu ni. "Ẹ̀yin ò mọ nǹkan kan!" ló ń wí fún àwọn ará ilé. "Ojoojúmọ́ ni iná ń bù gbàmù níwájú mi. Èéfín á bò mí, n kò sì sá rí!"

Blandine, ìyàwó rẹ̀, dáhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Iná ààrò ni o. Ẹ bi í bóyá ìrẹsì náà jóná."

Ọjọ́ kan wá dé tí ọkọ̀ kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ kọjá láàárín àgọ́. Láti ọjọ́ náà ni Maxime kò ti jẹun mọ́. Ògúnrẹ̀mí kò gbà á níyànjú rárá. Ó kàn fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

"Ebè yìí, tìrẹ ni. Ìwọ ni wàá máa tọ́jú rẹ̀."

"Èmi? N kò roko rí, Kaporáàlì."

"Ó hàn. Ìwọ lo fẹ́ yìnbọn lù ú."

Maxime rẹ́rìn-ín, ó sì jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ rán lọ sójú ìjà yóò kọ́kọ́ yan ebè kan. Igbẹ́kọ̀yí bi alásè náà pé: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe yìí gan-an?"

"Ẹni tó níṣu nílẹ̀," ni Ògúnrẹ̀mí wí, "ó ní láti wá wà á." Ó wá ní kó lọ bá òun pọnmi.

Wọ́n rán Maxime náà lọ. Nígbà tí iṣu gbó, àwọn yòókù ń padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wa tiwọn. Ti Maxime nìkan ló kù, kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀. Kápítẹ́ẹ̀nì ní kí wọ́n wà á kí ikán má jẹ ẹ́.

"Olóhun kò sí nílé," ni Ògúnrẹ̀mí wí.

Lọ́sàn-án gangan, Igbẹ́kọ̀yí bá a níbi tó ti ń tu koríko ìdí ebè náà, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní àlùbọ́sà ni. Ó sì ti pẹ́ tí àlùbọ́sà ti tán nínú àgọ́.

Maxime padà dé, apá kan nínú ọ̀já tí wọ́n so kọ́ ọ lọ́rùn. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi gba ìdí ebè rẹ̀ lọ, ó fi ọwọ́ kan wà á, gbogbo àgọ́ yí i ká. Ohun tó fà yọ kò ju orí eku lọ.

"Kaporáàlì! Gbogbo ìdúró yìí, èyí náà nìkan?"

"Ó ń rò ọ́ ni," ni Ògúnrẹ̀mí wí. "Ìrònú ló mú un rù."

Nígbà tó yá, Ògúnrẹ̀mí fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ó padà sílé, àìsàn sì mú un lọ lọ́dún tó kọjá. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ṣe ìsìnkú rẹ̀, Kápítẹ́ẹ̀nì François dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní: "Kaporáàlì Ògúnrẹ̀mí jẹ́ ológun tó máa ń ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá pa láṣẹ..."

Kò rí i parí. Ẹ̀rín bú jáde níbi tí àwọn ológun jókòó sí. Igbẹ́kọ̀yí di bẹ́ǹṣì mú kó má baà ṣubú. Maxime ki aṣọ ìnujú bọ ẹnu. Ìgbà tí Blandine náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tí èjìká rẹ̀ ń mì, àlùfáà pa ìwé rẹ̀ dé, ó dúró dè wọ́n.

Kápítẹ́ẹ̀nì dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀. "Nígbà tí mo dé àgọ́ yẹn," ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ẹ̀rù ń bà mí ju gbogbo àwọn ọmọ tí mo ń darí lọ. Òun nìkan ló mọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń bu oúnjẹ kún tèmi ni."

Nígbà tí wọ́n jáde sí ìta, Blandine rìn lọ bá Kápítẹ́ẹ̀nì níbi tó dá dúró sí lábẹ́ igi máńgòrò.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rárá, Màmá."

"Ẹ wá jókòó tì wá."