Ọkọ̀ Oníjókòó Kan

Bí inú bá bí èèyàn fún ọjọ́ kan, ó lè pariwo, ó lè fọ́ àwo, kó sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí èèyàn fún ọdún mẹ́ta gbáko, ìbínú náà á bímọ. Ti wẹ́dà tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ ló bí: ọkọ̀ eré sísá pupa, pẹlẹbẹ, tí kò ga ju ìbàdí èèyàn lọ, tí bátìrì sì jókòó níbi tó yẹ kí ẹnìkejì jókòó sí. Kì í ṣe àṣìṣe o. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Abẹ̀rẹ̀máparí ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan àga kan, tó fi í sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bàbá gbé àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà sí ẹnu ọ̀nà kí gbogbo àlejò lè rí i, kí wọ́n sì bá a rẹ́rìn-ín. Ìwà burúkú gbáà ni, àmọ́ bàbá ò purọ́ mọ́ ọn. Ilé adìẹ tí kò ní òrùlé ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Ògiri tó yẹ kó yí ilé ká dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wẹ́dà gidi ni ọkùnrin yìí. Ibi tó bá ti jó irin pọ̀, ibòmíràn ni irin á kọ́kọ́ ṣẹ́. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ló máa ń parí, ti ara rẹ̀ ló máa ń sú u. Títí bàbá fi dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbé e lọ, ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn ni, "Ògiri yẹn ńkọ́?"

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn èèyàn ń sunkún, Abẹ̀rẹ̀máparí ń bá òkú jà nínú ara rẹ̀. Ó ní òun máa ṣe nǹkan kan láyé òun tí òun máa parí, ohun ìní bàbá náà lòun sì máa fi ṣe é.

Ohun tí bàbá fi sílẹ̀ kò pọ̀: ilé kan, àti ọkọ̀ àtijọ́ kan lábẹ́ ibòji páànù. Àwọn ọmọ méjì ló jogún wọn. Ẹ̀gbọ́n obìnrin, tó fi ọdún mẹ́fà ju wẹ́dà lọ, télọ̀ ni. Ó sọ pálọ̀ iwájú di ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sójú fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá. Àbúrò gba yàrá ẹ̀yìn àti àgbàlá. Ìwé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àbúrò. Kò sí ẹni tó bi ẹnìkejì léèrè ohun tó fẹ́ fi tiẹ̀ ṣe. Ilé tí wọ́n bí wọn sí nìyẹn, wọn ò kọ́ wọn ní ìbéèrè níbẹ̀, èébú ni wọ́n kọ́ wọn.

Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ta ara ọkọ̀ eré ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Wọ́n á fi fáíbà ṣe ara rẹ̀, wọ́n á dì í sínú àpótí pákó mẹ́ta, wọ́n á sì fi ìwé ìlànà olójú-ewé ogójì tì í. Ẹni tó rà á ló máa lọ wá ọkọ̀ àtijọ́ kan tó máa tú: á yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á yọ jíà, sítíárìn àti búréèkì, á jó irin pọ̀ ṣe ṣásí tuntun, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, á kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀, á wá gbé ara fáíbà bò ó. Wẹ́dà ra àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú ewé méjì péré ló kà nínú ìwé náà, torí ta ló fẹ́ wá kọ́ òun ní irin? Ó fi ìyókù tẹ́ abẹ́ agolo ọ̀dà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ti ọkọ̀ bàbá jáde síta, ó yọ ohun tó fẹ́ yọ, ó sì fi ẹ̀rọ gé ìyókù wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé láti géètì. Ó wọ bàtà dúdú kan tí àbúrò ò rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí, ó sì gbé náílọ́ọ̀nù kan dání. Ó rí ohun tó wà nílẹ̀. Náílọ́ọ̀nù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgò míníràlì tó wà nínú rẹ̀ sì fọ́.

"Kí lo ṣe yìí?"

"Ọkọ̀ ni mò ń ṣe, ma."

"Ọkọ̀ lò ń ṣe, o sì ń gé ọkọ̀?"

"Tuntun ni mo fẹ́ fi ṣe."

"Ìwọ? Ìwọ tí o ò lè parí ògiri?" Ó nawọ́ sí ògiri náà. "Bàbá mọ̀ ẹ́ dáadáa. Abẹ̀rẹ̀máparí! Ó dáa, máa ṣe é lọ. Kò ní jáde ní géètì yìí láéláé."

Ó rìn yí àwọn ègé irin náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún dìde, ó wọlé, ó sì pa ìlẹ̀kùn dé gbàà. Wẹ́dà gbá àfọ́kù ìgò, ó ń pòṣé. Lójú tiẹ̀, nítorí bàbá lẹ̀gbọ́n ṣe ń bínú. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn òkú tó bẹ́ẹ̀, kó lọ máa bá a gbé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá kó gbogbo ègé náà lọ.

Báyìí ni ogun bẹ̀rẹ̀. Tí oníbàárà bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù wá wọn aṣọ, wẹ́dà á tan gíráńdà tó fi ń lọ irin. Tí wẹ́dà bá ti tan gíráńdà, télọ̀ á yí rédíò sókè títí fèrèsé á fi máa gbọ̀n. Nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni, kò sí bí inú ti lè bí àbúrò tó tí kò ní fi "ẹ" bú u. "Orí yín ti dàrú, ma," lá wí. "Tìẹ ò fìgbà kan tò rí," lẹ̀gbọ́n náà á dá a lóhùn. Wọ́n ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Àwọn méjì yìí ò gbọ́ òwe yẹn rí.

Ní ọdún kejì, wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara fáíbà kó lè dán. Eruku fáíbà ò ṣe é fi ṣeré, bó bá bà lé awọ ara, yíyún ni. Atẹ́gùn gbé e gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà sórí aṣọ ìgbéyàwó funfun kan tó wà lórí ìkọ́. Ìyàwó ọ̀la wá, ó wọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họra, ó ń họ ọrùn, ó ń họ ẹ̀yìn, títí tó fi bọ́ aṣọ náà jù sílẹ̀ tó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mú ìgbálẹ̀, ó gbá gbogbo eruku náà jọ látòkè délẹ̀, ó sì lọ tú u sórí ibùsùn àbúrò rẹ̀. Ẹní bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wẹ́dà fi họra bí ajá.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó lọ bá ọkọ̀ rẹ̀. Ìjókòó méjì ló bá àpótí wá. Ó yọ èkejì, ó fi ayùn gé ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, ó sì jó àpótí bátìrì mọ́ ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè dá a padà láéláé.

Ó kọjú sí fèrèsé. "Ẹ gbọ́ o!" ló wí. "Bí òjò ń rọ̀, bí ẹsẹ̀ yín kán, ẹ ò ní jókòó nínú ọkọ̀ yìí!"

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún lọ ní tiẹ̀.

Lọ́dún kẹta, ọkọ̀ parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má rẹ́rìn-ín: ó parí lóòótọ́. Ó kun ọ̀dà mẹ́rin lé ara wọn lórí, kò sí ibi tí ìjópọ̀ irin ti hàn. Ó tan ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Ó jókòó nínú àgbàlá, ó di sítíárìn mú, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bínú sí omijé náà. Ó ku ohun kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tí kò bá ní nọ́ńbà kò gbọdọ̀ dé títì. Bí kò bá sì jáde ní géètì, kí ló yàtọ̀ sí ilé adìẹ tí kò ní òrùlé?

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà wá ní ọjọ́ Ajé, ọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń fi bírò ha etí. Ó béèrè ìwé ọkọ̀ àtijọ́. Wẹ́dà fi àgbọ̀n júwe pálọ̀ iwájú. Ó ti ń múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n na ìwé náà jáde láti ojú fèrèsé láìjanpata. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó fu ú lára.

"Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yìí," ni òṣìṣẹ́ náà wí, "níbo ló wà lára irin?"

"Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nìyí, sà."

"Mi ò bi yín ní ti ẹ́ńjìnnì. Ti ṣásí ni mò ń wí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin iwájú ọkọ̀ tẹ́ ẹ tú. Ó wà nínú ìwé ìlànà, ojú ewé kẹsàn-án: ẹ gé ibẹ̀ yọ, ẹ tọ́jú ẹ̀, ẹ jó o mọ́ ṣásí tuntun."

Wẹ́dà wo ibi tó ti gé ọkọ̀ bàbá. "Tí mi ò bá rí i ńkọ́?"

"Ohun ìṣeré lẹ ṣe nìyẹn. Kò gbọdọ̀ jáde ní géètì." Ó pa fáìlì dé. "Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Tí mi ò bá rí nọ́ńbà, ó parí."

Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti ń dún látàárọ̀ dákẹ́.

Wẹ́dà wú ojú ewé kẹsàn-án kúrò lábẹ́ agolo ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ gàdàgbà, ọ̀dà pupa yí i ká. Ó fi ọjọ́ méjì gbẹ́ àgbàlá, ó wá abẹ́ páànù, ó wá inú ilé adìẹ, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé àwọn oní-irin ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ohùn kan jáde láti ojú fèrèsé.

"Kí lò ń wá?"

"Kò kàn yín, ma."

"Tí kò bá kàn mí, kí ló wá ń ṣe nínú dúrọ́ọ̀ mi?"

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wẹ́dà ò ti wọ pálọ̀ iwájú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n fa dúrọ́ọ̀ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ jáde. Láàárín òwú àti bọ́tìnì, ègé irin kan wà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Nọ́ńbà náà wà lára rẹ̀, ó pé pérépéré.

"Ẹ̀yin lẹ mú un?"

"Ọjọ́ tó o gé e ni mo mú un. Ìwé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ̀ọ́kà. Mo ní kí n jẹ́ kó o ṣe é tán ná, kó o wá rí i pé òfo ni."

"Ìkà ni yín, ma."

"Ìkà ni mí. Ìwọ ńkọ́?" Ó mú páálí pẹlẹbẹ kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀ náà, ó fi lé irin lórí. Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ ni, àwòrán ẹ̀gbọ́n wà lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ka déètì ẹ̀."

Wẹ́dà kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni.

"Bàbá kọ̀, kò kọ́ mi," lẹ̀gbọ́n wí. "Ó ní kí lobìnrin fẹ́ fi mọ́tò ṣe, ìwọ ló kọ́. O sì fi ọkọ̀ náà gbá òpó géètì. Mo lọ kọ́ ọ fúnra mi, lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, àwọn ọmọ kéékèèké ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí wọ́n fún mi, mo ra bàtà, mo ra míníràlì. Mo fẹ́ ní kó o fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ká jọ jókòó, kí n gbé ẹ yí ìta po." Ó mí kanlẹ̀. "Ìgò méjì ni mo rà."

Wẹ́dà rántí àfọ́kù tó gbá. Kò ka iye ìgò tó wà níbẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Kí ló dé tó ò béèrè?"

Ẹ̀gbọ́n ti irin náà sí i. "Gbà. Jó o mọ́ ọn. Àmọ́ èmi ni mo máa wà á kọjá géètì."

"Ẹnì kan péré ni ọkọ̀ yẹn ń gbà, ma."

"Mo mọ̀. Ojú mi lo ṣe é."

Ó jó o mọ́ ọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Iṣẹ́ ni iṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé, ó sì fi wáyà so nọ́ńbà onígbà díẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n jáde wá nínú bàtà dúdú ọjọ́ yẹn. Ó gbé tìmùtìmù kan dání tó rán fúnra rẹ̀. Gígùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni wẹ́dà wò tó fi jó ìjókòó náà mọ́lẹ̀, kò sì ṣe é fà síwájú. Ẹ̀gbọ́n ki tìmùtìmù sẹ́yìn ara rẹ̀, ó bá àyè náà mu rẹ́gí, kò ṣẹ́ kù, kò lé. Kò fi téèpù wọ̀n ọ́n rí. Ojú fèrèsé ló ti fi ojú wọ̀n ọ́n.

"Kúlọ́ọ̀ṣì ẹ̀ le díẹ̀, ma."

"Mo bi ẹ́ ni?"

Ọkọ̀ fò lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Wẹ́dà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. Ẹ̀gbọ́n tún tan án. Lọ́tẹ̀ yìí ó yí wẹ́rẹ́, ó kọjá lára ògiri tó dúró ní ìdajì, ó kọjá òpó géètì láìfara kàn án, ó yà sí títì, ó sì lọ. Wẹ́dà fi ọwọ́ méjèèjì di géètì mú kó má padà sẹ́yìn, ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi wọlẹ̀.

Fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì ti dìde lórí àpótí rẹ̀.

"Abẹ̀rẹ̀máparí! Ọkọ̀ ta nìyẹn?"

"Tèmi ni. Mo ti parí ẹ̀."

"Kí lo wá ń ṣe nílẹ̀? Kí ló dé tó ò bá wọn lọ?"

Ó ṣì di géètì mú. "Kò sí àyè," ló wí.