Ọjọ́ Tí A Kì Àjàní Lẹ́nu Dáàmù

Ọdún tí ìjọba ṣàdédé pààrọ̀ àwọ̀ owó, tí tọmọdé tàgbà ń tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì títí oòrùn fi ń wọ̀, ọdún tó tẹ̀lé e ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi kò mọ iye tí wọ́n ń ka ọdún náà sí. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ ní òun lè wá a nínú fóònù, mo ní kó fi sílẹ̀. Òórùn ibẹ̀ ni èmi fi ń rántí. Létí Odò Ọya níbi tí wọ́n ti ń kọ́ dáàmù, òórùn irin jíjó kì í kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ó ń ṣe bí ìgbà tí ènìyàn bá gbàgbé ìkòkò òfìfo sórí iná. Ó wà nínú irun orí ọkọ mi, ó wà nínú ìrọ̀rí wa, kódà bí mo bá se ẹ̀wà, àfi bí ẹni pé mo ju ìṣó díẹ̀ sí i. Títí dòní, bí ọmọ mi bá ń wà mí kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn ajórin ní Kuje, lẹ́bàá Àbújá níbí, ńṣe ni mo máa ń dákẹ́. Wọ́n á rò pé ó rẹ̀ mí. Kò rẹ̀ mí. Ojú ló ń tì mí.

Ajórin ni ọkọ mi. Ìlú wa lápá Ọ̀ṣun ló wà tó fi gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ń wá àwọn tó mọ irin jó, pé wọ́n fẹ́ sé odò ńlá mọ́. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa ni pé iṣẹ́ méjì ni odò náà yóò máa ṣe. Yóò máa yí ẹ̀rọ tó ń mú iná wá, kí iná lè dé gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, títí dé olú ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Àbújá nígbà náà. Wọn yóò sì la kòtò omi láti ibẹ̀ wọ inú oko, kí àgbẹ̀ lè máa gbin nǹkan lẹ́ẹ̀rùn láìwo ojú òjò. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ta ni kò ní fẹ́ irú rẹ̀? Ilé páànù ni wọ́n tò fún àwa òṣìṣẹ́ sí ẹ̀bá òkè. Páànù ni ògiri, páànù ni òrùlé. Bí ó bá di ọ̀sán, a ó máa yan nínú rẹ̀ bí ẹja. Iṣẹ́ ọkọ mi wà lára àwọn ìlẹ̀kùn irin tí wọ́n fi ń dá omi dúró. Ó sọ fún mi pé ọ̀kan nínú wọn ga ju ilé alájà méjì lọ. Mo rò pé ó ń ṣe àsọdùn ni, àfìgbà tí mo rí i.

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ iṣẹ́ náà látilẹ̀. Obìnrin kan wà nílé tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ìyẹn ti di tíṣà, ó sì ń wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀. Bí wọ́n bá ti pàdé lọ́nà odò, ìyẹn á bi í pé, "Tìrẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá odò jìjàkadì?" Ìyá ọkọ mi á gbé e mì. Nígbà tí ọkọ mi wá ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ti parí, pé wọ́n fẹ́ ṣí dáàmù, àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀, kí Màmá wá fojú ara rẹ̀ rí i, kò dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè. Lọ́rì ló gbé e dé. Ó gbé àgò adìẹ lọ́wọ́ kan, ó gbé àpótí aṣọ lọ́wọ́ kejì, kò sì tíì mu omi tó fi kọjú sí mi.

"Ìyàwó, oríkì ọkọ rẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ, àbí páànù yìí ti yọ́ ọ dànù?"

Mo ní, "Ó wà lẹ́nu mi, Màmá."

"Jẹ́ n gbọ́."

Bí mo ṣe ń fọ àwo ni mo ń kì í, bí mo ṣe ń ṣa ìrẹsì ni mo ń kì í, òun sì jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń tún un ṣe fún mi, ó ń fi tuntun kún un. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ìyàwó ilé láyé àtijọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Oúnjẹ tí a sè fún ọkùnrin, yóò jẹ ẹ́, yóò gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí ìyá rẹ̀ àti aya rẹ̀ kì í níwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n, kí orí rẹ̀ wú, ìyẹn ni kò ní gbàgbé. Ohun tí ìyá ọkọ mi tìtorí rẹ̀ gun lọ́rì nìyẹn. Ó fẹ́ kí orí ọmọ òun wú lójú àwọn ọ̀gá rẹ̀, lẹ́yìn náà kí òun padà sílé lọ pàdé obìnrin yẹn lọ́nà odò.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ mi ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní ká wá sẹ́nu géètì, ká ní ìyá àti ìyàwó ajórin ni wá. Màmá wé gèlè, ó ró ẹtù tí wọn kò fi ṣeré rárá. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu géètì wò ó láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ǹlẹ́, Màmá. Ẹni tí kò bá ní káàdì kò lè wọlé."

Ìyá ọkọ mi ní, "Káàdì kí ni? Ọmú tí mo fún un mu, ṣé ìyẹn náà ní káàdì?"

Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. Yorùbá ni, kò sì burú. Ó ní, "Ẹ gun òkè yẹn lọ. Ẹ ó rí i níbẹ̀ ju àwọn tó jókòó nínú lọ."

Òótọ́ ló sọ. Láti orí òkè yẹn, gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Lápá kan, ògiri dáàmù dúró gbọnrangandan pẹ̀lú àwọn ìlẹ̀kùn irin rẹ̀, àwọn èèyàn ńlá jókòó sábẹ́ àtíbàbà, àwọn ológun ń fun fèrè. Lápá kejì, lẹ́yìn ògiri, omi tẹ́ lọ pẹrẹsẹ, ojú kò rí òpin rẹ̀. A bá àwọn èèyàn kan níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A kí wọn, wọ́n dá wa lóhùn dáadáa. Ohun kan ni mo ṣàkíyèsí, òun náà ló sì ń dà mí láàmú di bí mo ṣe ń wí yìí: wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àtíbàbà. Gbogbo ayé ń wo ibi tí fèrè ti ń dún, àwọn ń wo omi tó dákẹ́. Mo rí i. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ni wọ́n ń sá fún.

Nígbà tó yá, àwọn ìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Omi bẹ́ jáde lábẹ́ wọn, ó funfun bí ẹ̀kọ tó ń hó, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ìyá ọkọ mi fọwọ́ kan gbá mi mú, ó fọwọ́ kejì di gèlè rẹ̀ mú, ó sì gbẹ́nu lé e.

"Àjàní ọmọ mi, a-fi-iná-rán-irin bí ẹni ń rán aṣọ. Odò tó ń gbé onílé, tó ń gbé àlejò, Àjàní fi ìlẹ̀kùn sí i lẹ́nu. Ó ní kí omi dúró, omi dúró."

Èmi ni mo ń gbè é. Ohùn mi dára nígbà náà, mo fi gbogbo àyà gbé e. "Ọkọ mi, ó ní kí omi dúró, omi dúró." Mo ń wo ìsàlẹ̀ bóyá mo lè rí akoto ọkọ mi láàárín àwọn akoto yòókù. N kò mọ ìgbà tí Màmá dákẹ́. Ó ti yíjú padà, bí a ti í ṣe nílé, láti wò ó bóyá àwọn tó wà lẹ́yìn yóò bá wa gbè é, ó sì rí ojú wọn. Èmi kò yíjú. Ohùn tèmi nìkan ló wá kù lórí òkè yẹn, tí mo ń ké pé omi dúró, omi dúró, kí n tó gbọ́ pé kò sí ohùn mìíràn mọ́.

Ọmọkùnrin kan láàárín wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tápà ni wọ́n, ṣùgbọ́n Yorùbá já gaara lẹ́nu wọn. Ó ní, "Ẹ má dákẹ́ o, ìyàwó. Ẹ kì í dáadáa. Ó ní kí omi dúró, omi sì dúró lóòótọ́. Orí ilé wa ló dúró sí."

Ìyá àgbà kan tó jókòó nítòsí rẹ̀ ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, pé ìyá ló ń kì ọmọ rẹ̀, kí ló kàn án. Ó wá yíjú sí ìyá ọkọ mi, ó fi ọ̀wọ̀ tẹrí ba. "Ẹ kú oríire, Màmá. Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀." Ó nawọ́ sí àárín omi. Orí igi igbá kan yọ síta níbẹ̀, àwọn ẹyẹ funfun bà lé e. "Ẹ̀yìn ilé ọkọ mi ni igi yẹn wà. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń fọ irú. Wọ́n kó wa lọ sí ilé tuntun nísinsìnyí, ó dára, páànù ni, ṣùgbọ́n ó jìnnà sódò, apẹja sì ni wá. Ọkọ mi nìkan la kò lè kó. Ìdí igi yẹn la sin ín sí."

Bí ó bá bú wa ni, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Èébú ṣeé dá padà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí omi bo sàréè ọkọ rẹ̀ ló ń kí wa kú oríire, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, pé bí ẹnìkejì bá ń yọ̀, kó bá a yọ̀.

Ìyá ọkọ mi tú gèlè rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú ẹtù yẹn, ó kọjú síbi tí wọ́n kọjú sí. "Ẹ má bínú," ló wí. "Ojú ọmọ mi ni mò ń wò. N kò rí tiyín." Ibẹ̀ ló jókòó sí títí wọ́n fi fun fèrè tán nísàlẹ̀, tí àwọn èèyàn ńlá wọkọ̀ lọ. Mo jókòó tì í. N kò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, akoto rẹ̀ wà lábẹ́ apá. Kò jókòó. Ó dúró sáàárín yàrá, ó na ara rẹ̀. Èmi mọ ohun tó ń dúró dè.

"Màmá, ẹ rí i?"

"Mo rí i. O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ ọ́. Jókòó, kí o jẹun."

Ó wò mí. Mo wojú ìkòkò ọbẹ̀. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ ju bí ènìyàn ti ń fọwọ́ lọ, bóyá ìyá rẹ̀ yóò ṣì gbẹ́nu lé oríkì. Ìyá rẹ̀ ń bu ẹran fún un ni. Nígbà tí Màmá padà sílé, mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹn bi í léèrè lọ́nà odò pé kí ló rí. Ó ní, "Mo rí omi. Omi náà pọ̀." Obìnrin náà rí i fi ṣẹ̀fẹ̀ títí wọ́n fi darúgbó. Ohun tó tìtorí rẹ̀ gun lọ́rì, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e jù sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà, àwa náà tẹ̀lé iná wá sí Àbújá. Waya rẹ̀ gba orí abúlé púpọ̀ kọjá láìsọ̀ kalẹ̀, ó sì dé ibí. Ọkọ mi ń jó géètì àti ojú fèrèsé fún àwọn tó ń kọ́lé. Ìgbà tí a sin Màmá tán ló tó bi mí léèrè. Ó ní, "Kí ni mo ṣe fún Màmá lọ́jọ́ yẹn? Ó wò mí bí ẹni wo àlejò." Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló fi rò pé iṣẹ́ òun kò tó nǹkan lójú ìyá òun, èmi sì mọ̀, mo dákẹ́, nítorí n kò fẹ́ gbọ́ ohùn ara mi lórí òkè yẹn mọ́. Mo sọ ọ́ fún un.

"Mo mọ igi yẹn," ló wí. "Abẹ́ rẹ̀ la ti máa ń sinmi kí omi tó dé. Wọ́n máa ń fún wa lẹ́ja." Ó nu ojú rẹ̀. "Màmá ṣe é dáadáa. N kì bá tí lè dúró gbọ́ ọ."

Mo ti rò ó títí. Ojú tó ń ti olè ní oògùn: kó dá ẹrù padà. Ẹni tó jó níwájú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kí ni yóò dá padà? N kò sọ pé kí wọ́n má kọ́ dáàmù. Iná rẹ̀ ni mo fi ń ríran bí ilẹ̀ bá ṣú, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un wá. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀yìn àwọn èèyàn yẹn kí n tó lanu, mo sì wá ìdí mìíràn fún un nítorí pé ayọ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin mi ṣílé rẹ̀ ní Jahi níbí, gbogbo wọn péjọ, àwọn ọmọ mi àti àwọn ọkọ wọn, wọ́n ní kí èmi ìyá wọn dìde, kí n kì wọ́n, pé ilé ńlá ni. Ìyá Gbàgyí kan wà tó ń sun àgbàdo lẹ́yìn ògiri, ọmọ onílẹ̀ ibí, àwọn tó máa ń gbé ẹrù sí èjìká. A ti jọ ń fi Hausa tí kò dán mọ́rán sọ̀rọ̀ tipẹ́, ó sì ti fi agboolé bàbá rẹ̀ hàn mí rí. Ibi tí géètì ilé tuntun yìí wà gan-an ni.

Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé, "Ẹ kọ́kọ́ lọ pe ìyá alágbàdo yẹn wọlé. Ẹ fún un ní àga, kó jókòó síbi tí mo ti lè máa rí ojú rẹ̀. Bí mo bá lè kì yín níṣojú rẹ̀ tí ohùn mi kò há, ẹ ó gbọ́ oríkì lónìí. Bí ó bá há, ẹ bu oúnjẹ fún un ṣáájú tèmi, kí a jọ jẹun."