Òrùka Tó Ń Kan Gìtá Mi

Mi ò kọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo ti pa á mọ́ra títí, ó ti sú mi. Kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún mi o. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ.

Gìtá ni mò ń ta fún àwọn tó bá wá gba orin sílẹ̀ ní Òkìtìpupa. Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ ló kọ́ mi. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n sí, ibẹ̀ ló sì ti ń ta gìtá lẹ́yìn àwọn olórin òyìnbó kó tó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Òṣòóró. Mo wá àwo mọ́kànlá rí tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú wọn. Orúkọ rẹ̀ ò sí lára ìkankan.

Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á dẹ okùn kẹta díẹ̀, á wá fi òrùka rẹ̀ kan pákó gìtá lẹ́ẹ̀mejì: kọ́, kọ́. Tòun ti òrùka yẹn ni wọ́n sin ín. Ojú mi ló ṣe.

Kó tó kú, ó kọ́ mi ní ohùn gìtá kan tó ṣe fúnra rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, níjọ́ tí o bá ta á, ní kí wọ́n kí mi. Ẹnikẹ́ni ò kí mi rí nínú àwo."

Ẹ ṣáà mọ̀ bá a ṣe ń ṣe é: bí gìtá bá ti gbà á, olórin á pe onígìtá lórúkọ, á kí i.

Ìyá ajíhìnrere kan láti ìjọ Aládùúrà ní Àkótógbó wá gba orin sílẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni. Mo ta ohùn náà fún un gbọ́, inú rẹ̀ dùn.

"Bọ̀ọ̀dá onígìtá, èyí mà dùn o! Ta ni kí n kí síbẹ̀?"

Orúkọ ẹ̀gbọ́n ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

"Èmi ni kí ẹ kí, Mọ́mì."

A gba orin náà sílẹ̀, ó sì kí mi dáadáa. Délé tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ tún un gbọ́, ó wò mí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bọ́ òrùka yẹn jàre. Ó ń dún."

Mi ò wọ òrùka rí láyé mi. Mo na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí eyín yín ló ń gbọ̀n?"

A tún un ṣe. Kọ́, kọ́. Abẹ́ orúkọ mi gan-an ló bọ́ sí. Délé ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pa ohùn gbogbo yòókù, ó ku gìtá nìkan. Ẹ gbà mí gbọ́, lẹ́yìn kọ́ kejì, ẹnì kan mí, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé:

"Sọ ọ́."

Mo wo gìtá mi. Okùn márùn-ún le bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Okùn kẹta ti dẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Ìyá ò lè gbóhùn sókè.

"Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni, Mọ́mì."

Iná wà lọ́jọ́ náà. A ò tan jẹnẹrétọ̀ kankan.

Délé gé kọ́, kọ́ náà kúrò. Ó dá mi lójú pé ó gé e, mo jókòó tì í. Àwo náà ti jáde báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àjàgbà: Ìyá pe orúkọ mi, kọ́, kọ́ sì tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń jó.

Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ ní àbúrò obìnrin kan ní Òṣòóró. Ó ti pàdé mi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kí mi kú oríire àwo. Mo dúpẹ́.

Láràárọ̀ ni mò ń fa okùn kẹta yẹn le. Láràárọ̀ ni mò ń bá a tó ti dẹ̀.

Ìwọ tí ẹnì kan kọ́ níṣẹ́, bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni kí àwọn kí, tètè dáhùn. Má gbé orúkọ olórúkọ mì. Kì í lọ sí ikùn.