Olú Inú Ìgbẹ́ Ẹyẹlé

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ bàbá mi nílé wa ní Ẹgbẹ́dá. Oògùn kẹ́mísì kò kápá rẹ̀, ọrùn wọn le gbagidi, wọ́n sì ń ríran bàìbàì. Ká tó ṣẹ́jú, ẹbí ti mọ ẹni tó ń ṣe wọ́n: àbúrò wọn tó ń bá wọn du ilẹ̀ oko. Ẹbí wa kì í pẹ́ mọ ọ̀daràn. Àìsàn gan-an ni wọn kì í mọ̀.

Ilé ìwòsàn ni èmi gbé wọn lọ. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò, obìnrin kan tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé wa yékéyéké, pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Ó ní, "Bàbá, olú kan ló wọ̀ yín lára."

Olú kẹ̀! Kó tó sọ ìyókù, màmá mi ti gba ilé lọ. Kílẹ̀ tó ṣú, kò sí olú tútù tàbí gbígbẹ nílé wa mọ́. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n da ti aládùúgbò nù.

Èmi tí mo dúró ni mo gbọ́ ìyókù. Olú yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀. Ó kéré ju eruku lọ, inú ìgbẹ́ ẹyẹlé ló ń gbé, bàbá mi sì ń gbálẹ̀ ilé ẹyẹlé wọn láràárọ̀, wọ́n ń fà á símú. Bó bá dé ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn á wú, á wú, títí àwọn ọmọ ogun inú ara kò fi ní lè gbé e mì. Àwọn kékeré á wá ráyè gun orí lọ. Ọgbọ́n àwọn olóṣèlú wa ni: ọ̀kan á sanra síwájú, ìyókù á gba ẹ̀yìn wọlé.

Ẹ̀rù bà mí gidi. Oògùn kó wọn yọ, ṣùgbọ́n dókítà kìlọ̀ pé bí wọ́n bá tún pa dà sídìí ẹyẹlé, ikú ni. Mo kó àwọn ẹyẹ náà sínú àgò, mo fi ta ọ̀rẹ́ mi kan ní Adégbayì lọ́rẹ. Bàbá mi fajú ro.

"Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro. Ṣé èmi ni n ó wá yẹrí fún wọn?"

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ṣí àgò, ilé wa ni gbogbo wọn fò pa dà sí. Bàbá mi jáde, wọ́n rí wọn lórí òrùlé, omi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà gbọn ìyẹ́, bàbá mi sáré fi ọwọ́ bo imú.

"Ẹni tó fẹ́ràn mi tó báyìí," ni wọ́n wí, "ló máa pa mí."

Wọ́n ní kí màmá mi gbé omi kaná, kí n sì lọ pa àwọn ẹyẹlé náà lẹ́yìn ilé, níbi tí ojú àwọn kò ti ní tó o.