Ahọ́n Inú Bàtà Ghislaine

Ìdí kì í purọ́.

Ohun tí Ẹ̀rínọlá máa ń sọ nìyẹn, tí àwọn sémíjàn tó ń fi alùpùpù gbérò ní oríta ọ̀nà Kpankou yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu lè sọ pé ara òun le koko. Ojú lè máa dán. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá ti gun alùpùpù lórí yangí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin yìí fún ìṣẹ́jú kan péré, ìdí rẹ̀ á jẹ́wọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tó ti ń ṣe tìmùtìmù alùpùpù ní Kétou. Igi máńgòrò kan. Tábìlì gígùn kan. Ọ̀bẹ mẹ́ta, agolo gọ́ọ̀mù, òkìtì fóòmù tó ga ju èèyàn lọ. Ọkọ rẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ẹbí ní kó ta àwọn ọ̀bẹ, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Kò tà wọ́n. Ó pọ́n wọn.

Àwọn yòókù máa ń gé fóòmù kan ṣoṣo, wọ́n á fi awọ bò ó, ó parí. Ẹ̀rínọlá ń tò ó ní ìpele ìpele. Ó le nísàlẹ̀, ó rọ̀ lókè. Tàbí òdì kejì. Ẹnì kan kì í jókòó bí ẹnì kejì. Tìmùtìmù Séidou, ọ̀kan nínú àwọn sémíjàn náà, tilẹ̀ ní ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àpò: bí Séidou bá gbé àgbàdo, á ti fóòmù líle kan wọnú rẹ̀, bí ẹrù bá fúyẹ́, á fà á yọ.

"Bí mo bá gbé ìyàwó mi ńkọ́, Tanti?" Séidou bi í nígbà kan. "Ó wúwo ju àgbàdo lọ."

"Lọ sọ bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀. Kí n wá ṣe èyí tí wàá máa sùn lé níta."

Bí ayé rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ọ̀bẹ, fóòmù, ẹ̀rín. Títí di ọjọ́ tí Ghislaine gbé bàtà dé.

Ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlákà tọ alábẹ lọ. Ọmọ Okpomèta ni Ghislaine, ọmọ àgbẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń ru gaàrí wá sọ́jà Kétou ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Lọ́jọ́ náà, kò ru gaàrí. Bàtà ìsáré ló gbé lọ́wọ́, tó ń tiro bọ̀. Bàtà àlòkù ni, èyí tí wọ́n tú láti inú ìdì. Aláwọ̀ ata pípọ́n. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ti kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀, ẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

"Tanti, ẹ kú iṣẹ́." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe tìmùtìmù ìdí, ẹ ò lè ṣe ti ẹsẹ̀?"

Séidou rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rínọlá náà fẹ́ rín. Àmọ́ ó wo ojú ọmọ náà, ẹ̀rín sì gbẹ.

Nítorí gbogbo oríta ló mọ ìtàn rẹ̀. Eré ìje àwọn obìnrin ni, tó ń wáyé lẹ́yìn ìkórè àgbàdo àkọ́kọ́. Kìlómítà mẹ́wàá, láti apá Kpankou wọ Kétou. Méje àkọ́kọ́ jẹ́ yangí àti iyanrìn, mẹ́ta ìkẹyìn jẹ́ ọ̀nà ọ̀dà. Àwọn mẹ́ta tó bá ṣáájú á lọ sáré ní Porto-Novo. Ní èṣí, Ghislaine ló wà níwájú títí ọ̀dà fi bẹ̀rẹ̀. Ni àtẹ́lẹsẹ̀ òsì bá gbiná. Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, kò lè dìde mọ́. Flora, ọmọ Odomèta, ré e kọjá, ó sì fún un lórúkọ: Ajókòó-má-dìde. Orúkọ náà dé Okpomèta kí Ghislaine fúnra rẹ̀ tó délé.

"Ẹni tó bá pé márùndínlọ́gbọ̀n kò lè sá a mọ́," Ghislaine wí. "Èyí nìkan ló kù fún mi, Tanti. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù."

Ẹ̀rínọlá gba bàtà. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fa ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó fi ọ̀bẹ la gìgísẹ̀ bàtà náà díẹ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀. Ló bá lọgun.

"Ẹ wá wò ó! Ìpele ìpele ni! Líle nísàlẹ̀, rírọ̀ lókè! Séidou, ta ló lọ tú àṣírí iṣẹ́ mi fún àwọn òyìnbó?"

Ara rẹ̀ yá. Ara rẹ̀ yá gágá! Ọdún mélòó ló ti rí nǹkan tuntun kẹ́yìn? Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ Ghislaine lé itan ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ tó dára. Ikòtò àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí kì í kan ilẹ̀, wà láàrin bó ṣe yẹ. Níbo ló ń dùn ọ́? Ibí yìí, nínú ikòtò gan-an. Ó dáa. Ó gé fóòmù tó rọ̀ jù lọ nínú òkìtì, èyí tó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó tẹ́ ẹ sí ojú ibi tó ń dùn.

"Lọ sáré. Wàá rò pé orí ìkùukùu lo wà."

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ghislaine padà. Ẹsẹ̀ òsì ti wú.

Ó gbé bàtà sórí tábìlì, ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Séidou, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló sọ ọ́: "Tanti, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìdí."

Ọ̀rọ̀ náà ta Ẹ̀rínọlá lára. Oorun alẹ́ yẹn kò dùn. Kí ni òun ṣe tí kò tọ́? Níbi tó ń dùn ni òun fi èyí tó rọ̀ sí. Àbí kí ni èèyàn tún ń ṣe?

Ọjọ́ ọjà ló dá a lóhùn.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ọ̀nà Okpomèta di ẹrẹ̀ pupa. Ghislaine ń bọ̀, láìwọ bàtà, ọpọ́n gaàrí lórí, ó kún dẹ́nu. Ó yà sábẹ́ igi máńgòrò láti kí Tanti. Orí pátákó fẹlẹ tí Ẹ̀rínọlá máa ń gé fóòmù lé, tó wà nílẹ̀, ló dúró sí. Ẹni tó ru ẹrù kò lè kúnlẹ̀. Ẹ̀rínọlá sáré dìde, ó bá a sọ ọpọ́n kalẹ̀. Ghislaine sún sẹ́yìn lẹ́sẹ̀ kan, ó wá kúnlẹ̀ wàyí.

"Tanti, ẹ káàárọ̀."

Tanti ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Pátákó ló ń wò.

Ojú ẹsẹ̀ mẹ́rin, pupa bí epo. Méjì tó tẹ̀ nígbà tó ru ẹrù, méjì tó tẹ̀ nígbà tí ẹrù kúrò. Àwọn ti ẹ̀yìn ní ikòtò láàrin, ó mọ́ tónítóní. Àwọn ti ìṣáájú ńkọ́? Ọ̀tún dára. Òsì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ikòtò. Kò sí nǹkan kan. Bí ewé ẹ̀kọ tí wọ́n tẹ́ mọ́lẹ̀.

"Dìde. Ru ú padà."

"Tanti?"

"Mo ní kí o ru ú!"

"Ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ mí ni! Ọrùn mi, Tanti!"

"Ọrùn rẹ ò ní já. Séidou, bá mi gbé e ru ú!"

Wọ́n gbé e ru ú. Ó tẹ pátákó. Òsì tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n sọ̀ ọ́. Ikòtò padà. Wọ́n tún gbé e ru ú. Àwọn tó ń lọ sọ́jà dúró, wọ́n ń wo obìnrin àgbàlagbà tó ń jó yí ọmọbìnrin tó ru gaàrí ká.

"Mo rí i! Mo ti rí ọ, ìwọ ẹsẹ̀ yìí! Ìgbà tó wà lórí itan mi, irọ́ ló ń pa fún mi!"

Ó jókòó, ó ń mí gúlegúle, ó ṣàlàyé. Ẹsẹ̀ tó sinmi kì í sọ òótọ́. Ẹni tó ń sáré, gbogbo ara rẹ̀ ni ọpọ́n gaàrí. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbà á. Òsì kò lè gbà á. Á wó sínú. Fóòmù rírọ̀ tí òun wá tẹ́ síbẹ̀? Ńṣe ló ń bá a wó lọ. Bẹ́ẹ̀ òun mọ̀! Sémíjàn tí ẹ̀yìn bá ń dùn kì í gba fóòmù rírọ̀ lọ́wọ́ òun, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó. Líle ni òun ń fún un. Ọdún mọ́kàndínlógún nídìí ìdí, ó wá gbàgbé nígbà tó dé ìdí ẹsẹ̀!

"Ìyẹn ni pé ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," Ghislaine wí jẹ́jẹ́, "ẹ sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi wú."

"Fi omi gbígbóná sí i. Ọ̀la, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Iṣẹ́! Ó gé róbà ògbólógbòó táyà, ó fá a títí ó fi dà bí ìlàjì ọmọ máńgòrò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ikòtò òsì. Òpó nìyẹn, kí àjà má bàa wó. Ní gìgísẹ̀ bàtà méjèèjì, ó la ẹnu tóóró kan bíi ti tìmùtìmù Séidou. Ó gé fóòmù fẹlẹfẹlẹ méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: líle kan, rírọ̀ kan. Orí wọn yọ díẹ̀ sí ìta, bí ahọ́n ajá tí oòrùn pa. Ahọ́n náà ló sì ń pè wọ́n.

Nígbà tí wíwú ẹsẹ̀ náà lọ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Lójoojúmọ́. Ghislaine á sáré lọ, á sáré bọ̀. Ẹ̀rínọlá á gé, á fá, á bi í. Ó ga jù? Ó ga. Báyìí ńkọ́? Ó kù díẹ̀. Lórí iyanrìn, ahọ́n líle ló dára, kò jẹ́ kí gìgísẹ̀ rì. Ṣùgbọ́n tó bá dé orí ọ̀dà, líle pàdé líle, eékún á máa ké. Yọ ahọ́n líle, kí rírọ̀ dá wà: ó ń fò bí ẹtu!

"Ó yé mi," Ẹ̀rínọlá wí. "Níbi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀, jókòó, yọ wọ́n, dìde."

Ojú Ghislaine yí padà. "Jókòó?"

"Kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ."

"Tanti, mi ò ní jókòó níbẹ̀. Níbẹ̀ gan-an? Lójú gbogbo wọn? Kí Flora tún rí mi?"

"Ṣé ẹsẹ̀ Flora lo fi ń sáré ni àbí tìrẹ?"

Ghislaine gbé bàtà rẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ ìje sì pé.

Oòrùn kò tíì mú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Obìnrin mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, eruku pupa kan. Ẹ̀rínọlá wà lẹ́yìn Séidou lórí alùpùpù, lórí tìmùtìmù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, wọ́n ń gba etí ọ̀nà tẹ̀lé wọn. Kìlómítà kan. Mẹ́ta. Bàtà aláwọ̀ ata wà nípò kẹrin. Márùn-ún. Ó wà nípò kejì! Ẹ wo òsì. Òsì dúró ṣinṣin. Kò wó!

"Séidou, yára!"

"Tanti, ẹ má fún mi lọ́rùn, èmi kọ́ ni ẹ ń bá sáré!"

Ọ̀dà yọ níwájú, dúdú, ó ń dán. Èrò pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ghislaine dé ibẹ̀. Ó wo èrò.

Kò jókòó.

Ó sáré kọjá. Gbàgà, gbàgà, gìgísẹ̀ líle lórí ọ̀nà líle. Ẹ̀rínọlá gbọ́ ọ láti ibi tó wà. Ọgọ́rùn-ún mítà. Igba. Èjìká Ghislaine bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìṣísẹ̀ rẹ̀ ń kúrú. Flora kọjá lára rẹ̀. Òmíràn kọjá.

"Jókòó!" Ẹ̀rínọlá dìde dúró lórí alùpùpù tó ń lọ, Séidou ń ké pe Ọlọ́run. "Ghislaine! Ọmọ mi! Jókòó!"

Bóyá ó gbọ́. Bóyá eékún rẹ̀ ló sọ fún un. Ó yí orí padà, ó wo èrò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jókòó sáàrin ọ̀dà bí ẹni tó fẹ́ jẹun.

Ariwo ta. "Ajókòó-má-dìde! Ó tún ti ṣe é!"

Ọ̀tún: fàà. Òsì: ahọ́n náà há. Ó fà á. Kò wá. Ẹnì kan kọjá, ẹnì kejì kọjá. Ó fi eyín fà á, fàà! Kò mọ ibi tí ì bá fi wọ́n sí, ló bá kó méjèèjì sí àárín eyín. Ó dìde.

Ẹ̀rín dákẹ́.

Áà, ẹ ò rí eré! Ipò kẹfà ni, fóòmù méjì sì yọ lẹ́nu rẹ̀. Kò sí gbàgà mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ bí òwú. Ó bá ẹni karùn-ún, ó kọjá. Ó bá ẹni kẹrin ní ibi tí ilé ti bẹ̀rẹ̀, ó tún kọjá.

"Ẹ wo ẹni tó ní ahọ́n mẹ́ta lẹ́nu!" Séidou pariwo. "Ahọ́n mẹ́ta, ẹ yà fún un!"

Èrò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ahọ́n mẹ́ta! Ahọ́n mẹ́ta! Flora wà níwájú rẹ̀, nípò kẹta, ó wẹ̀yìn, ó rí bàtà pupa àti ẹnu tó kún fún fóòmù, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ẹ̀rín kò sì bá eré mu. Ghislaine dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èjìká sí èjìká. Ogún mítà. Mẹ́wàá. Àyà Ghislaine ló kọ́kọ́ kan okùn òpin ìje.

Ipò kẹta. Porto-Novo!

Nígbà tí Ẹ̀rínọlá fi máa bọ́ sílẹ̀, gèlè rẹ̀ ti ṣubú lọ́nà, kò mọ ibi tó ṣubú sí. Flora ti nà sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́. "Tanti," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "èmi náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la. Kò yẹ bẹ́ẹ̀."

Ghislaine dúró. Kò jókòó. Ó na ọwọ́, ó tu ahọ́n méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ Ẹ̀rínọlá, wọ́n tutù, wọ́n ní ojú eyín. Ẹ̀rínọlá ń retí ọpẹ́.

"Tanti," ọmọ náà wí nígbà tí èémí dé, "òsì ṣì há díẹ̀. Ẹ bá mi fá a kí n tó lọ sí Porto-Novo."

Ẹ̀rínọlá ti ń wá ọ̀bẹ nínú báàgì.